Ṣé a ti wọ BRICS àbí a ò tíì wọ̀ ọ́? Ìdáhùn mi fún àbúrò wa tó ń ra kájú l'Ọ̀fà

Àbúrò wa kan tó ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ọ̀fà dé Àjàṣẹ́-Ìpo, tó ń kó o jọ fún àwọn tó ń gbé e lọ sí Èkó, ló fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ kó tó yé mi torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ló bo gbogbo ẹ̀. Ohun tó sọ rèé, mo kàn gé e kúrú ni:

"Ẹ kú ilé mà, Alhaja. Wọ́n ní Nàìjíríà ti wọ BRICS, àwọn kan tún ní rárá o, wọn ò tíì gbà wá. Èwo ni ká mú? Ìkejì, àwọn Íńdíà àti Vietnam tó ń ra kájú wa, wọ́n ní àwọn náà wà níbẹ̀, ṣé wọ́n máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi náírà sanwó ni, ká lè bọ́ lọ́wọ́ wàhálà dọ́là? Ìkẹta, bọ̀dá kan wá sí mítìn ẹgbẹ́ wa, ó ní ká mú ₦45,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á bá wa gba fọ́ọ̀mù BRICS, pé ẹni tó bá ti ní i á máa rí kọ́sítọ́mà òkèèrè tààrà. Mo ti san ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá mi lóhùn."

Àbúrò mi, kú ọjà o. Ìkẹta yẹn ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ bà torí owó ti jáde lápò ẹ: má san ìyókù. Kò sí fọ́ọ̀mù BRICS kankan tí oníṣòwò ń gbà níbì kankan. Màá padà síbẹ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí BRICS jẹ́ fún ẹ, torí tó bá ti yé ẹ, ìwọ fúnra ẹ lo máa bi bọ̀dá yẹn ní ìbéèrè tó máa jẹ́ kó gbàgbé fìlà ẹ̀ sí mítìn yín.

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ni BRICS. Orúkọ yẹn gan-an, òṣìṣẹ́ báńkì ló sọ ọ́. Ní 2001, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jim O'Neill, tó wà ní Goldman Sachs, kọ ìwé fún àwọn olówó tó ń wá ibi tí wọ́n lè kó owó sí, ó mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Brasil, Rọ́ṣíà, Íńdíà àti Ṣáínà (China ni wọ́n ń kọ, òun ló jẹ́ C), ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di BRIC. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó rán an níṣẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 2006, ni àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó pọ̀ ní New York nígbà tí wọ́n wá sí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2009 àwọn olórí wọn fúnra wọn pàdé nílùú Yekaterinburg ní Rọ́ṣíà. Rántí ọdún yẹn, ìgbà tí báńkì àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀ ni, gbogbo ayé ń sáré, àwọn mẹ́rin yìí wá ní ṣé ẹ rí i báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ wa bá a ṣe ń ná owó, ẹ fún àwa náà ní ìbò tó pọ̀ tó bá a ṣe tóbi tó ní IMF àti World Bank. Ohun tó kó wọn jọ nìyẹn o. Àga ni wọ́n ń jà sí. Ẹni tó bá ti ń rò ó látìbẹ̀rẹ̀ pé owó ni wọ́n fẹ́ máa pín, ibẹ̀ ló ti ṣì í.

South Africa ni wọ́n pè wọlé ṣìkarùn-ún. Oṣù kejìlá 2010 ni wọ́n ké sí i, ó bá wọn jókòó ní Sanya, ní Ṣáínà, ní oṣù kẹrin 2011, lẹ́tà S bá wọlé, BRIC di BRICS. O'Neill tó sọ ọ́ lórúkọ fúnra ẹ̀ ò gbà pé South Africa tóbi tó láti bá wọn jókòó, àmọ́ ta ló bi í? Ọmọ tó ti gbọ́n tó ti ń ṣòwò tiẹ̀, bàbá ìsọmọlórúkọ ò tún lè máa yan ọ̀rẹ́ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú dáadáa nìyí. ECOWAS ní ọ́fíìsì l'Àbújá, OPEC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta epo, ní tiẹ̀ ní Vienna, wọ́n ní ìwé òfin tí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀. BRICS ò ní. Kò sí ìwé àdéhùn kankan tí wọ́n ń pè ní òfin ẹgbẹ́, kò sí sẹkitéríàtì, kò sí akọ̀wé àgbà. Wọ́n máa ń kì wá pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. BRICS náà ò ní ọ́fíìsì, alága ọdún yẹn lọ́fíìsì wọn. 2023, South Africa. 2024, Rọ́ṣíà. 2025, Brasil. 2026, Íńdíà. Ẹni tó bá kàn lálága ló máa gbàlejò, òun ló máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, wẹ́búsáìtì tí wọ́n ń lò gan-an òun ló máa ń ṣí i tuntun. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe, àfi kí gbogbo wọn fẹnu kò, ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun ò fẹ́, ó ti tán. Ní Kazan ní 2024, Venezuela wá, ààrẹ wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá fúnra ẹ̀, Rọ́ṣíà tó gbàlejò fẹ́ kó wọlé, Brasil ní rárá, bó ṣe padà sílé nìyẹn.

Ó yá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ẹ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi wà ní márùn-ún. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2023 ní Johannesburg, wọ́n ké sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, Ajẹntínà, Íjíbítì, Etiópíà, Ìránì, Saúdí, àti UAE tí àwa ń pè ní Dubai, pé kí wọ́n wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Wò ó bó ṣe lọ. Ajẹntínà dìbò, Milei di ààrẹ, kí ọdún tó parí ó ti kọ lẹ́tà pé àwọn ò ṣe mọ́. Saúdí ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́ḿbà, òun náà ń rán èèyàn wá sí ìpàdé, ṣùgbọ́n tó o bá ní kó wí i lẹ́nu ara ẹ̀ pé mo ti wọlé, á ní òun ṣì ń wò ó ná. Indonéṣíà ní tiẹ̀ ti sọ ní 2023 pé kí wọ́n jẹ́ káwọn rò ó, ìjọba tuntun dé, ó wọlé ní oṣù kìíní 2025. Ìdí tó o fi ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ mẹ́wàá tí ẹlòmíì ń sọ mọ́kànlá nìyẹn, orí Saúdí ni wọ́n ti ń ṣì í kà.

O tún bi mí pé báwo ni Etiópíà ṣe ṣáájú àwa tá a pọ̀ tó báyìí (mo gé ibẹ̀ kúrò lókè, má bínú). Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ torí ọ̀rọ̀ yẹn dun gbogbo wa. Kò le rárá: Etiópíà kọ̀wé béèrè, àwa ò kọ. Igbá-kejì Ààrẹ wa, Kashim Shettima, lọ sí ìpàdé Johannesburg ní 2023 yẹn, ibẹ̀ ló ti sọ fáyé gbọ́ pé Nàìjíríà ò tíì kọ̀wé pé òun fẹ́ wọlé. Oṣù kọkànlá ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, Yusuf Tuggar, wá sọ pé a fẹ́ wọ̀ ọ́ láàárín ọdún méjì. Èèyàn ò lè jókòó sílé kó máa retí kí wọ́n gbé aṣọ ẹbí wá fún òun, nígbà tí kò dá owó aṣọ.

Àwọn tó ń kọ̀wé wá pọ̀ jù. Ogójì ó lé orílẹ̀-èdè ni South Africa ní wọ́n ń fẹ́ wọlé ní 2023, tí wọ́n bá sì gba gbogbo wọn, rántí pé àfi kí gbogbo ẹnu kò, ẹgbẹ́ tí mọ́kànlá ń jà nínú ẹ̀, kí ni ọgbọ̀n á fi ṣe? Ni wọ́n bá dọ́gbọ́n kan ní Kazan ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n dá ipò tuntun sílẹ̀, pátínà. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá ni wọ́n fi lọ̀, tiwa wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 2025 ni Brasil kéde pé Nàìjíríà ti gbà, àwa la ṣìkẹsàn-án. Àwọn tó ṣáájú wa ni Belarus, Bolivia, Cuba, Kazakhstan, Malaysia, Thailand, Uganda àti Uzbekistan, Vietnam wá tẹ̀ lé wa ní oṣù kẹfà. Tọ́kì tí wọ́n fi lọ̀ ò wọlé bíi pátínà, Àlùjéríà náà ò ṣe.

Kí wá ni pátínà? Wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó o wà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ wà, àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn tí wọ́n ti ra ṣíà wà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń ké sí wá sí ìpàdé ọdọọdún, wọ́n á fún wọn ní àga, wọ́n á fún wọn ní mínírá, tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọ́n á sọ̀rọ̀, ìwé tí wọ́n bá kọ lópin ìpàdé wọ́n lè ní àwọn náà fara mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá ti di ká fẹnu kò, alága á rọra ní ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀. Pátínà nìyẹn. Wọ́n ń pè é sí ìpàdé àwọn olórí àti ti àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ìpàdé tó kù, àfi tí àwọn mẹ́ḿbà bá gbà kó wá. Tinubu lọ sí ti Rio ní oṣù keje 2025, àga ẹ̀ wà níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí Nàìjíríà bá ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, ìyẹn ò dá nǹkan náà dúró.

Nítorí náà àwọn tó ní a ti wọlé àti àwọn tó ní a ò tíì wọlé, kí wọ́n má bá ara wọn jà mọ́. A ti wọ ọgbà. A ò tíì wọ yàrá.

Èmi ní tèmi, ọgbà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn báyìí, àwọn kan máa bínú sí mi fún un o. Ìdí ni pé wíwọ yàrá yẹn ní ìjàngbọ̀n tiẹ̀. Ọ̀fà lo wà, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, o mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn méjì bá dìmú tí ẹnì kankan ò fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Íjíbítì àti Etiópíà tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ti ń bá ara wọn fa omi odò Náílì látọjọ́ tó ti pẹ́, torí ìdídò ńlá tí Etiópíà kọ́ sórí ẹ̀. Íńdíà àti Ṣáínà, àwọn sójà wọn pa ara wọn lórí òkè ní 2020. Nígbà tí àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn pàdé ní Rio ní oṣù kẹrin 2025, wọn ò rí ìwé àjùmọ̀fọwọ́sí kankan gbé jáde, ohun tó sì fà á kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n: wọ́n fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí South Africa ní àga ayérayé ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé, Íjíbítì àti Etiópíà ní àwọn ò fọwọ́ sí i, pé ta ló fi South Africa ṣe ẹnu fún gbogbo Áfíríkà. Àga yẹn kan náà ni Nàìjíríà ti ń wá látọjọ́ tí mo ti dáyé. Tá a bá wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Àfi ká dìde jà. Níta tá a wà, a jókòó, a ń mu mínírá wa.

Èyí tó kù ni Amẹ́ríkà. Trump ti sọ ní ìparí oṣù kọkànlá 2024 pé tí àwọn BRICS bá dá owó tuntun sílẹ̀ láti fi lé dọ́là, òun á gbé owó orí ọjà wọn dé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí wọ́n tún ń ṣe ìpàdé ní Rio ó ní orílẹ̀-èdè tó bá tẹ̀ lé wọn ta ko Amẹ́ríkà á san mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bóyá ó máa ṣe é bóyá kò ní í ṣe é, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún ẹni tó bá ṣáà fẹ́ rà, tó ń yáwó lọ́tùn-ún lósì, kò yẹ kó sáré wá ẹ̀tẹ́ fún ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kájú wá kàn báyìí, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

O ní nígbà wo ni Íńdíà àti Vietnam máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi náírà sanwó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí kájú ẹ ń gbà. Ìwọ ra kóró lọ́wọ́ àgbẹ̀, o sá a, o dì í sápò, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ yẹ outturn ẹ̀ wò (bí ọmọ inú tó dáa tó máa jáde nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó) kó tó dá owó lé e, ó wọ kọ̀nténà l'Ékòó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Vietnam, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n bó o, wọ́n ta ọmọ inú ẹ̀ fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Vietnam ló ń ta ọmọ kájú jù láyé, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú kóró tí wọ́n ń fọ́, ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà àti Kàǹbódíà ló ti ń wá. Ẹni tó ń ra ọmọ kájú yẹn lọ́wọ́ wọn, dọ́là ló ń fún wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi náírà ṣe? Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Kí ará Vietnam tó ní náírà lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ ti ta nǹkan fún wa ní náírà ná, èyí tó sì ń tà fún wa ò tó èyí tó ń rà.

Íńdíà ì bá rọrùn díẹ̀ torí wọ́n ń ta oògùn, ẹ̀rọ àti alùpùpù fún wa. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tí àwọn òyìnbó ti ọ̀nà dọ́là mọ́ ọn, Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo lọ́wọ́ ẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì ń fi rupee ẹ̀ san nínú ẹ̀. Ó dùn mọ́ gbogbo èèyàn létí, wọ́n ní wọ́n ti yọ dọ́là kúrò láàárín. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2023, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Rọ́ṣíà, Lavrov, dé Goa ní Íńdíà, ó ní àwọn ti ní bílíọ̀nù bílíọ̀nù rupee ní báńkì Íńdíà, àwọn ò rí i ná. Torí kí ni? Torí ohun tí Rọ́ṣíà ń rà lọ́wọ́ Íńdíà kéré sí ohun tó ń tà fún un, rupee ò sì jẹ́ owó tó o lè kó lọ sí ọjà ẹlòmíì. Ó dà bíi kó o ta kájú fún ará ọjà Ìpàta kan kó ní tíkẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù òun lòun máa fún ẹ, pé kó o wá fi ra ohunkóhun tó o bá fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn méjèèjì yìí, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti wà nínú BRICS o, B-R-I-C, àwọn ni R àti I.

Ìyẹn lọ́wọ́ òkèèrè. Wá wo tìẹ náà. Ká ní ní oṣù karùn-ún 2023, ẹnì kan bá ẹ ná kájú, ó ní náírà ni òun máa san, àmọ́ ó di ìgbà tí ọjà bá gúnlẹ̀ tí àwọn bá tà á tán. Ìgbà yẹn dọ́là ò tíì tó ₦500 ní báńkì. Oṣù kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Náírà tó bá ẹ ná yẹn náà ló máa gbé wá. O ò ní lè ra ìdajì ohun tó o tà. Dọ́là tó o ń bú yẹn ló ń gba èrè ẹ sílẹ̀ ní gbogbo oṣù tí ọjà ẹ fi wà lójú omi, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ ju bó o ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Ẹni tó yẹ kó fẹ́ san náírà ni ẹni tó ń rà.

Àwọn kan á ní àbí Ṣáínà ńkọ́, ṣé a ò jọ ní àdéhùn ni? A ní o. Báńkì àgbà wa àti ti Ṣáínà tọwọ́ bọ ìwé ní 2018 pé kí wọ́n máa fi yuan àti náírà ṣe pàṣípààrọ̀ tó tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yuan, wọ́n sì tún un ṣe ní ìparí 2024. Wo déètì 2018 yẹn dáadáa, bí ọdún méje kó tó di pé a di pátínà. BRICS kọ́ ló fún wa, Nàìjíríà àti Ṣáínà ló jọ ṣe é láàárín ara wọn. Mo sì ti bi àwọn tó ń kó ọjà láti Guangzhou wá sí Taiwo nílùú Ìlọrin níbí, pé ta ló ti rí yuan gbà ní báńkì nípasẹ̀ ẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè Ṣáínà sí wọn.

Owó BRICS tí wọ́n ń pín fọ́tò ẹ̀ kiri lórí WhatsApp ńkọ́, èyí tí Putin gbé sókè? Nígbà ìpàdé Kazan ni wọ́n fún un, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ṣe àwòrán ni, kò lè ra ẹ̀kọ kan. Kò sí owó BRICS. Íńdíà ti sọ ọ́ léraléra pé òun ò sí nídìí kí wọ́n pa dọ́là, tí Íńdíà bá sì ti ní rárá, mo ti sọ bó ṣe máa ń parí fún ẹ lókè. Àti pé rò ó fúnra ẹ, Íńdíà tí kò fẹ́ dọ́là lórí ara ẹ̀, ṣé yuan ló máa wá gbà sórí?

Ibi tí owó gidi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni báńkì wọn, New Development Bank. Fortaleza ní Brasil ni wọ́n ti fẹnu kò lé e ní 2014, ó ṣílẹ̀kùn ní Shanghai lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ dá owó ibẹ̀ dọ́gba, Dilma Rousseff tó ti ṣe ààrẹ Brasil rí ló ń darí ẹ̀ láti 2023. Ó ń yá ìjọba lówó ṣe títì, iná, omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn báńkì yìí àti ilẹ̀kùn BRICS ò papọ̀. Bangladesh ò sí nínú BRICS, ó wà nínú báńkì. Àlùjéríà tó kọ̀wé sí BRICS ní 2023 tí wọn ò mú, ó gba inú báńkì wọlé. Tí Nàìjíríà sì jẹ́ pátínà ní BRICS, ìyẹn ò sọ ọ́ di mẹ́ḿbà báńkì, àfi kó lọ ra ṣíà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá rà á náà, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbò àwọn ò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju márùndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún láéláé, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ò sì lè ju méje lọ. Àwọn tó ń bú World Bank pé ó ń ṣe ojúsàájú nìyẹn o! Ní oṣù kẹta 2022 pàápàá, báńkì yìí ò yá Rọ́ṣíà lówó tuntun mọ́, Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, torí báńkì náà ń yáwó dọ́là lọ́jà àgbáyé, kò fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun. Tí wọ́n bá jẹ́ kí n mú ọ̀kan fún Nàìjíríà nínú àga yàrá àti ṣíà báńkì, ṣíà ni màá mú, èèyàn lè fi ìyẹn ṣe títì Àjàṣẹ́ dé Ọ̀fà.

BRICS ò dín owó kọ́sítọ́ọ̀mù kù fún ẹnikẹ́ni, má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́. Kò sí àdéhùn ọjà láàárín wọn. Èyí tó ní tiẹ̀ nílẹ̀ ni ECOWAS àti ọjà kan ṣoṣo ti Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní AfCFTA. Tí mínísítà wa bá pàdé ti Vietnam ní ìpàdé pátínà, wọ́n lè sọ̀rọ̀ pé ẹ wá fọ́ kájú yìí lọ́dọ̀ wa kó tó wọ ọkọ̀, ìyẹn á ṣe wá láǹfààní ju kí wọ́n yí owó tí wọ́n fi ń sanwó padà, torí ẹni tó ń ta ọmọ inú ni èrè wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi fóònù sọ ìyẹn.

Ó kù ₦45,000. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà jáde ní Nàìjíríà, àjọ NEPC, tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókèèrè, ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, fọ́ọ̀mù tó sì wà níbẹ̀ ni NXP, báńkì ẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, kí owó ọjà lè gba báńkì wọlé. Ìjọba Nàìjíríà ló ni méjèèjì. Ìwọ tó o sì ń ra ọjà fún ẹni tó ń kó o jáde, o ò tíì nílò ìkankan nínú wọn báyìí, àfi ọjọ́ tó o bá fẹ́ máa dá kó tìẹ.

Ní mítìn yín tó ń bọ̀, má pariwo. Jẹ́ kí bọ̀dá yẹn jókòó tán, kó o wá bi í níwájú alága yín pé fọ́ọ̀mù yìí, ìlú wo ni ọ́fíìsì tó ń tẹ̀ ẹ́ wà, ta ló jẹ́ akọ̀wé àgbà BRICS tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tó bá dárúkọ ìlú, tó bá dárúkọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ti yanjú, torí mo ti sọ fún ẹ pé méjèèjì ò sí. Lẹ́yìn náà ni kó o wá béèrè ₦22,500 ẹ, rísíìtì ni kó o mú dání, kí ẹlòmíì tó ti san náà dìde. Bó bá ṣe lọ sí, fi vóìsì nóòtì mìíràn ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, pa jẹnẹrétọ̀ yẹn kó o tó bẹ̀rẹ̀.